Àṣejù ilé-ẹjọ́ àbí ìkọjá-ààlà? Lórí ẹjọ́ òfin ológun Amẹ́ríkà ti 2010

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé lórí ẹjọ́ tí Log Cabin Republicans, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican tí wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn, fi pe òfin tó ń yọ irú wọn níṣẹ́ ológun níjà, bèèrè ohun tí a ó máa pe ẹ̀sùn pé adájọ́ ti bọ́ sínú oko aṣòfin. Ẹnìkan dá «àṣejù ilé-ẹjọ́» lábàá, ẹlòmíràn ní «àyọjúràn adájọ́».

Ẹ jẹ́ ká tètè gbé àyọjúràn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí a kò pè sí ọ̀ràn là ń pè bẹ́ẹ̀, adájọ́ kì í sì í wá ẹjọ́ kiri. Láti 2004 ni olùpẹjọ́ ti gbé èyí wá sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Kalifọ́níà, kó tó di pé Adájọ́ Virginia Phillips gbọ́ ọ ní 2010.

Àṣejù ló gba àròjinlẹ̀. Òwe ti kó bá a: ẹni tó bá gbọ́ àṣejù ti ń retí àṣetẹ́, ìyẹn ni pé a ti dá adájọ́ lẹ́bi kí òǹkàwé tó ka ẹjọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni àṣejù. Ẹni tó da iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀ ara rẹ̀ ṣe àṣejù. Ẹni tó wọ ilé ìdáná aládùúgbò lọ bu iyọ̀ díẹ̀ sọ́bẹ̀ kò ṣe àṣejù, ààlà ló kọjá. Ẹ̀sùn méjèèjì ló wà nínú ẹjọ́ yìí.

Ti ààlà ni àkọ́kọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, abala kìíní, ìpín 8, fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lágbára láti ṣòfin tí yóò máa darí ọmọ ogun. Abala kejì fi ààrẹ ṣe ọ̀gá àgbà wọn. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló ṣe òfin Don't Ask, Don't Tell ní 1993: ológun tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tòun lòun ń fẹ́, kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ẹ má kọ «ìlànà ológun», bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́, òǹkàwé yóò máa bèèrè ìdí tí Obama kò fi kàn pàṣẹ kí wọ́n jáwọ́. Òfin ni, ẹni tó ṣe é ló lè pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án 2010, Phillips ní òfin náà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú, ó sì fi ẹ̀tọ́ ẹni du ẹni láìtọ́. Àwọn tó ní ó kọjá ààlà ń tọ́ka sí Rostker v. Goldberg ti 1981, ẹjọ́ lórí fífi orúkọ ọkùnrin nìkan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun, níbi tí adájọ́ 6 nínú 9 ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ní kí kóòtù fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láàyè gidigidi lórí ọ̀rọ̀ ogun. Ṣùgbọ́n kóòtù yẹn kan náà gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún, ó dá a, kò ní kí wọ́n gbé e lọ. Ààlà tí à ń sọ kì í ṣe odi. Pèrègún ni: a lè gba àárín rẹ̀ kọjá, ẹni tó bá kọjá ni yóò sọ ohun tó ń wá.

Ti ìwọ̀n ni ìkejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá, Phillips kò fi àṣẹ rẹ̀ mọ sórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pẹjọ́. Ó ní ìjọba kò gbọdọ̀ fi òfin náà mú ológun kankan, níbikíbi láyé. Ibí ni àṣejù bá mu, bí ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn án bá ní ohun tó wà lọ́kàn òun nìyẹn. Irú ìbéèrè ìwọ̀n yìí ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dáhùn nínú Trump v. CASA ní oṣù kẹfà 2025, tó ní ó jọ pé àṣẹ tó gbòòrò kọjá àìní olùpẹjọ́ ju agbára àwọn kóòtù kékeré lọ.

Ọ̀rọ̀ «ìdádúró» ló máa fìyà jẹ ọ́ jù nínú ìtumọ̀, àbúrò. Adájọ́ dá òfin dúró. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, kòtẹ́milọ́rùn dá ìdádúró náà dúró. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ láti dá ìdádúró ìdádúró náà dúró! Ta ló fẹ́ ka ìyẹn? Pe ti àkọ́kọ́ ní «àṣẹ má-ṣe-é». Kòtẹ́milọ́rùn wá «gbé e kọ́», bí aṣọ tí a fi kọ́ ìṣó. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ kọ̀ láti sọ ọ́ kalẹ̀.

Obama fọwọ́ sí òfin ìparẹ́ ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n ti 1993 kò kú lọ́jọ́ náà. Ààrẹ, mínísítà ààbò àti olórí àwọn ọ̀gá ológun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé iṣẹ́ ogun kò ní bàjẹ́, kí ọjọ́ 60 sì kọjá. Wọ́n jẹ́rìí ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2011. Ó parẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ 9 lẹ́yìn rẹ̀, kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé ìdájọ́ Phillips, torí pé òfin tí wọ́n ń jà lé lórí ti parẹ́. Má kọ pé ẹjọ́ náà «kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀», ìyẹn túmọ̀ sí pé kò nídìí láti ìbẹ̀rẹ̀. «Ẹjọ́ tí ìjà ti tán nínú rẹ̀» ni kí o kọ. Kòtẹ́milọ́rùn kò sọ pé Phillips kọjá ààlà, kò sì sọ pé kò kọjá.

Ìdáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo gba «ìkọjá-ààlà» àti «gbé kọ́». Ṣùgbọ́n kí ni ká wá pe pínpín iṣẹ́ láàárín aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́? «Ìyapa» dà bí ìjà, «ìpínyà» dà bíi tọkọtaya tó kọra, «ìyàsọ́tọ̀» sì ń rùn bíi tùràrí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ «ìpààlà agbára», àmọ́ nínú ìwé tó kún fún ológun, agbára á dà bíi ti ìbọn. Orúkọ òfin náà ńkọ́? Mo kọ «Ẹ má bèèrè, má sọ», torí pé ọ̀gá ni wọ́n ní kó má bèèrè.

Ìdáhùn:

Fi ìjọba kún un: «ìpààlà agbára ìjọba». Ti ìkejì dùn létí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ àwọn ọ̀gá pàápàá níṣẹ́ lábẹ́ òfin yìí. Yọ «ẹ» kúrò.