Re: "Gígun ìjì" kọ́ o, ìgbì ni wọ́n ń gùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ká máa pe surfing, eré táwọn èèyàn ń fi pátákó ṣe lórí omi tí họ́ríkéènì (ìjì ńlá ojú òkun) bá tì wá, ní "gígun ìjì" ní Yorùbá, àwọn kan sì ti ní ó dùn létí. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ má bínú, irọ́ lọ̀rọ̀ náà ń pa. Kò sẹ́ni tó ń gun ìjì. Níbi tí ìjì ti ń jà gan-an, omi á ti dàrú, ìgbì á máa tọ̀tún tòsì kọlu ara wọn, atẹ́gùn á máa gé orí wọn dànù, kí ni pátákó fẹ́ ṣe níbẹ̀? Èyí táwọn tó ń sọ́ọ̀fù ń dúró dè ni ìgbì tó ti kúrò lọ́dọ̀ ìjì, tó ti rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà lójú òkun kó tó débi tí oòrùn ti ń ràn, tí atẹ́gùn ò sì fẹ́ púpọ̀.

Ẹ wo Hurricane Marie ní August 2014. Inú Pàsífíìkì ló wà, kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ California rárá, síbẹ̀ ìgbì tó rán wá sí Malibu àti Newport Beach, wọ́n ṣì ń ròyìn ẹ̀ títí dòní. Ọ̀rọ̀ tá a bá yàn lè pààyàn o. Ní 2009, Hurricane Bill ń kọjá lọ lójú òkun, àwọn èèyàn dúró sórí àpáta etí òkun ní Acadia ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà wọ́n ń wòran, ìgbì gbá wọn lọ, ọmọdébìnrin kan kú. Tẹ́ ẹ bá wá kọ́ èèyàn pé "ìjì" lewu, tí kò rí ìjì kankan lókè, ṣé kò ní lọ dúró síbẹ̀?

Nítorí náà swell, ìyẹn ìgbì tó ti kúrò lọ́dọ̀ ìjì yẹn, lèmi rò pé ká wá ọ̀rọ̀ fún. Ẹnì kan ní "ríru òkun", àmọ́ ti inú ìjì nìyẹn, swell kì í ru, ṣe ló máa ń tò wá ní ìlà, tá á sì dán. Ẹlòmíì ní "ìgbì ńlá", ìyẹn náà kọ́, torí ìtóbi nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò, wọ́n á bi ọ́ pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló wà láàárín ìgbì kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ 14, lójú omi tó jìn ọ̀wọ́ àwọn ìgbì yẹn lápapọ̀ á máa rìn ní nǹkan bíi 39 kìlómítà ní wákàtí kan, tó bá jẹ́ 8, bíi 22 péré. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó jìnnà síra fi ń kọ́kọ́ dé, ìgbà míì kí ìjì fúnra ẹ̀ tó sún mọ́tòsí.

Ohun tí mo mú wá fún swell ni "ìgbì àtòkèèrè". Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ó dà bí ọjà tó wọlé láti òkè òkun, kò burú, òun náà ṣáà wọlé ni. Èyí tí atẹ́gùn tòsí dá, ká fi "ríru omi" sílẹ̀ fún un.

Ti "gùn" tá à ń lò fún eré náà ò yẹ kó fa ìjà. Òótọ́ ni pé àwọn ará Hawaii, tó ni eré yìí, ń pè é ní heʻe nalu, tí heʻe sì jẹ́ kéèyàn máa yọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní tiwa ẹni tó bá yọ̀ ti ṣubú nìyẹn, ká kúkú fi "gùn" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Họ́ríkéènì ńkọ́? "Ààjà" táwọn kan dábàá kéré jù fún un, "ìjì líle" ò sì yà á sọ́tọ̀, torí ìjì tí atẹ́gùn ẹ̀ bá ti tó 63 kìlómítà ní wákàtí ti ń gba orúkọ, ó sì dìgbà tó bá pé 119 kó tó di họ́ríkéènì. Àwọn Òyìnbó gan-an ọwọ́ àwọn Sípéènì ni wọ́n ti gbà á, àwọn yẹn gbà á lọ́wọ́ àwọn Taíno ní Kàríbíà. Kí ló dé tá a fẹ́ máa tijú àtiyá a?

Pátákó yẹn ló kù. "Pátákó ìgungbì" tí àbúrò wa kọ sílẹ̀ lánàá ń kọ́ mi láhọ́n, ẹni tó bá ní èyí tó ṣeé pè kó gbé e wá.