Aṣòfin tó fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀: ta ló ni àga náà?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin. Aṣòfin tó ń ṣojú ẹkùn wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn, bẹ́ẹ̀ sáà rẹ̀ kò tíì dé ìdajì. Èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò wa lọ́jọ́ tí a yàn án. Mo dúró títí ilẹ̀ fi ṣú, iná tọ́ọ̀ṣì ni mo fi fọwọ́ sí ìwé èsì ìbò. Ǹjẹ́ òfin gbà á láyè láti máa jókòó sórí àga náà nìṣó?

Èsì
Abala 109 ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé aṣòfin ìpínlẹ̀ tó bá lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn kí sáà ilé tó parí ti pàdánù àga rẹ̀, àfi tó bá jẹ́ pé ìpínyà ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tó fà á kalẹ̀, tàbí pé àwọn ẹgbẹ́ para pọ̀ di ọ̀kan. Abẹ́ ìpínyà yìí ni gbogbo wọn máa ń sá sí. Ìjà díẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, wọn á ní ẹgbẹ́ ti túká! Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ẹjọ́ Ifedayo Abegunde, tó ṣojú Àkúrẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, tó wọlé lábẹ́ Labour Party lọ́dún 2011 tó sì lọ sí ẹgbẹ́ òṣèlú ACN. Abala 68 tó de àwọn aṣòfin Àbújá kò yàtọ̀ sí 109. Ìdájọ́ náà ni pé ìpínyà tó mọ sí ìpínlẹ̀ kò tó. Àfi èyí tó bá dé orí àpapọ̀ ẹgbẹ́, débi tí ẹgbẹ́ kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Èsì
Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àga kì í ṣófo fúnra rẹ̀. Abẹnugan ilé ni òfin gbé iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́, lẹ́yìn tí ẹ̀rí bá ti tẹ́ ilé lọ́rùn. Bí Abẹnugan bá wà nínú ẹgbẹ́ tí onítọ̀hún ń lọ, á ka lẹ́tà rẹ̀ sétí ilé, wọn á pàtẹ́wọ́, ó di kí ẹgbẹ́ tó pàdánù gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọdún 2015 ni wọ́n tó dá ẹjọ́ Abegunde tán, ọdún tí sáà rẹ̀ gan-an parí. Lójú tèmi, kò yẹ kí agbára yìí wà lọ́wọ́ Abẹnugan rárá.

Èsì
Ìdìbò abẹ́lé, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń yan olùdíje rẹ̀, ni kí ẹ máa wò. Àwọn tó ti ń náwó nára sínú ẹgbẹ́ tuntun náà kì í fẹ́ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Oníbèérè
Ẹ ṣeun gan-an ni. Inú ẹgbẹ́ tuntun yẹn ni Abẹnugan tiwa wà. A ó kọ̀wé láti wọ́ọ̀dù sí ẹ̀ka ìpínlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n lè tètè gba agbẹjọ́rò.