Ẹ jẹ́ ká yọ "kòkòrò" kúrò nínú orúkọ VDRL

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka àbá méjèèjì tó wà nílẹ̀ fún orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe VDRL, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àrùn sífílíìsì: "àyẹ̀wò àtọ̀sí" àti "àyẹ̀wò kòkòrò sífílíìsì". N kò fara mọ́ ìkankan.

Ti àkọ́kọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe gonoríà àti sífílíìsì ní àtọ̀sí, ṣùgbọ́n VDRL kò kan gonoríà rárá.

Èkejì ló ń kọ mí lóminú, torí ó jọ òótọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe RPR, ọmọ ìyá VDRL. Wọ́n á kán omi ẹ̀jẹ̀ sójú páálí, wọ́n á fi èròjà tó ní lẹ́búlẹ́bú èédú nínú sí i, ẹ̀rọ á sì máa yí i fún ìṣẹ́jú 8. Bí èédú bá ṣù jọ ní kóró dúdú, ó mú nìyẹn. Kí ló wá mú? Kì í ṣe kòkòrò. Ọmọ ogun ara ni, èyí tó dìde sí ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní cardiolipin. Ibà lè mú kó ṣù, oyún lè mú kó ṣù, ẹ̀tẹ̀ náà lè ṣe é. Bí wọ́n bá wá sọ fún aláboyún pé "àyẹ̀wò kòkòrò mú ọ", ta ni yóò bá a ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀?

Orúkọ yẹn tọ́ sí àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń fi máíkírósíkópù wo omi ojú egbò, torí níbẹ̀ ni ojú ti ń rí Treponema pallidum fúnra rẹ̀, kòkòrò tí Schaudinn àti Hoffmann rí ní Berlin lọ́dún 1905.

Àbá tèmi: kí VDRL àti RPR máa jẹ́ "àyẹ̀wò ìfura", kí TPHA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kejì tó ń wá ọmọ ogun tí ara gbé dìde sí kòkòrò sífílíìsì gan-an, máa jẹ́ "àyẹ̀wò àpá". Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ "àyẹ̀wò ìfìdímúlẹ̀" fún TPHA. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò: lára ọ̀pọ̀ èèyàn, TPHA á ṣì máa mú títí ayé, bí pẹnisilíìnì tilẹ̀ ti wò wọ́n sàn pátápátá. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, kí la fìdí ẹ̀ múlẹ̀? Egbò ti jinná, àpá ló kù.

Ó ku nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lé èsì ìfura, irú 1:32 tó bá wálẹ̀ sí 1:8 tí dókítà á fi mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́. "Ìwọ̀n àbùlà" ló wá sí mi lọ́kàn, torí omi ni wọ́n ń bù la omi ẹ̀jẹ̀ náà láti mọ ibi tí yóò ṣì máa mú dé, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé ẹmu ni ọ̀pọ̀ máa rántí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.