Àníyàn ìdánwò kò jẹ́ kí n sùn: ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò tó ni?

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí ní yunifásítì, ìdánwò ìparí sáà sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Màá ka ojú ìwé kan ní àkàtúnkà, síbẹ̀ kò ní sí ohun kan tí ó wọ̀ mí lórí, bí mo bá sì dùbúlẹ̀, gbogbo ohun tí n kò tíì kà ni yóò máa tò kọjá níwájú mi títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Mò ń gbàdúrà, n kò sì fi ìjọsìn ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni tí mo wà, ó ní ẹni tí ó bá gba Ọlọ́run gbọ́ kì í ṣàníyàn, àti pé kí n yẹ ara mi wò. Láti ìgbà náà ni àníyàn mi ti di méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àyà ẹni máa já? Kí sì ni kí n ṣe lóru, bí mo bá ti gbàdúrà tán tí ọkàn mi kò rọlẹ̀?

Èsì 1

Àbúrò mi, má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dá ọ lẹ́bi. Pọ́ọ̀lù tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Fílípì pé kí wọ́n má ṣe ṣàníyàn ohunkóhun, inú ìdè ni ó ti kọ ọ́, òun kan náà ni ó sì sọ nínú 2 Kọ́ríńtì 11:28 pé àníyàn nítorí gbogbo ìjọ ń wọ́ ti òun lójoojúmọ́. Olúwa wa pàápàá sọ ní Gẹtisémánì pé ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi títí dé ikú, ó sì bẹ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Ta ni yóò wá sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó?

Ẹni tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa ni Dáníẹ́lì, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni òun náà. Wọ́n kó o kúrò nílé lọ sí Bábílónì, wọ́n fi í sí ẹ̀kọ́ ọdún 3 nínú ìwé àti èdè àwọn ará Kálídíà, ọba fúnra rẹ̀ ni ó sì dán wọn wò níkẹyìn. Ní orí kejì, àṣẹ ti jáde pé kí a pa gbogbo amòye, orí Dáníẹ́lì sì wà nínú rẹ̀. Kíyè sí bí ó ṣe ṣe é. Ó kọ́kọ́ wọlé tọ ọba lọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní àkókò. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sílé, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì jọ bẹ Ọlọ́run fún àánú. Kò fi àdúrà dípò bíbẹ ọba, kò sì fi bíbẹ ọba dípò àdúrà. Nítorí náà, bí iṣẹ́ kan bá ti bò ọ́ mọ́lẹ̀, tọ olùkọ́ rẹ lọ kí ọjọ́ tí ó dá tó pé, kí o ṣàlàyé fún un, kí o sì bẹ̀bẹ̀ fún àfikún àkókò. Bí ó bá kọ̀, o kò pàdánù ohun kan.

Èsì 2

Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́. Ti òru ni èmi fẹ́ dáhùn, nítorí pé ọdún àṣekágbá ni mo wà, mo sì mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Fílípì 4:6 ní kí a fi ìbéèrè wa hàn fún Ọlọ́run pẹ̀lú ìdúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wa ń gbà ní àdúrà kò ju "Olúwa, ràn mí lọ́wọ́" lọ, ẹ̀rù náà á sì wà níbẹ̀ láìlórúkọ. Mú ìwé kan, kí o kọ ohun tí ń dẹ́rù bà ọ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orí ẹ̀kọ́ wo, ìṣirò wo, owó wo, ọ̀rọ̀ òbí wo. Fàlà sí àárín. Èyí tí ọwọ́ rẹ lè ká lọ́la, kọ ọ́ sí apá kan pẹ̀lú wákàtí tí ìwọ yóò ṣe é. Èyí tí ọwọ́ rẹ kò ká, bí máàkì tí olùkọ́ yóò fún ọ, kọ ọ́ sí apá kejì, kí o ka apá kejì yẹn sí etí Ọlọ́run bí ó ṣe wà.

Lẹ́yìn èyí, pa ìwé dé, kí o sì gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn, pàápàá nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ tí wọ́n máa ń to ohun tí wọ́n ti kà sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní ọ̀gànjọ́. N kò fara mọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ìṣọ́ òru rọ́pò oorun ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń fi ohun tí a kọ́ lọ́sàn-án múlẹ̀, Sáàmù 127 sì sọ fún wa pé asán ni kí a máa jí ní kùtùkùtù kí a sì máa pẹ́ sùn nínú làálàá. Bí oorun bá kọ̀ síbẹ̀, dìde jókòó, kí o ka Sáàmù 13 díẹ̀díẹ̀, kí o máa mí kanlẹ̀ ní òpin ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ 6 péré ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Dáfídì bi Ọlọ́run níbẹ̀ pé yóò ti pẹ́ tó, kí ó tó dé orí orin.

Èsì 3

Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí, Kristẹni sì ni mí. Àníyàn tí ó bá lọ nígbà tí ìdánwò bá parí, ohun tí ara ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oúnjẹ kò wọlé, tí àyà ń fún ọ pinpin láìnídìí, lọ rí dókítà tàbí olùgbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ rẹ. Bí ó bá sì dé orí pé kò sí ìdí tí o fi yẹ kí o wà láàyè, má ṣe dá wà: sọ ọ́ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà gan-an. Lúùkù tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni, Kólósè 4:14 sì pè é ní olùfẹ́. Charles Spurgeon (1834–1892), oníwàásù ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò fi ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó ń bá a jà pamọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ ní iṣẹ́ ìwàásù.

Ẹni tí ó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò san ẹ̀san fún yín. Lẹ́yìn ohun tí ẹni yẹn sọ fún mi, ṣé kí n tún gbé ọ̀rọ̀ yìí padà lọ sínú ẹgbẹ́ wa?

Èsì 1

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n má gbé e síwájú gbogbo wọn. Wá ẹni kan tàbí méjì tí wọ́n máa ń fetí sílẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, tí ẹ sì jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ máa gbàdúrà díẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé, kí o sì sọ ibi tí ó rú ọ lójú fún wọn láìfi bò, nítorí ẹni tí ó bá ọ ṣe àmín lè mọ orí ẹ̀kọ́ náà dáadáa, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ lórí ìjókòó kan náà.