Ẹ sọ ìrírí yín: kí ni ìrìn àjò míṣọ́n sí ilẹ̀ òkèèrè fi kọ́ ìgbàgbọ́ yín?

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Inú mi dùn pé ohun tí a rí kọ́ lẹ ní ká sọ, ẹ ò ní ká sọ iye ọkàn tí a jèrè. Iye ọkàn ti pọ̀ jù nínú ìròyìn wa.

Freetown ní Sàró (Sierra Leone) ni ìjọ wa rán wa lọ, nínú oṣù kẹjọ, nígbà òjò. Ẹ má fi òjò Ìbàdàn wé òjò Sàró rárá, ọmọdé ni tiwa. Ọkọ̀ òfurufú gbé wa balẹ̀ sí Lungi, omi ńlá sì wà láàárín Lungi àti ìgboro, ọkọ̀ ojú omi la tún wọ̀. Àwọn akọni wa tó ti ń lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde láti pápákọ̀ Èkó, gbogbo wọn ló dákẹ́ wẹ́lo nígbà tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ sókè.

Regent la ti ṣiṣẹ́, lórí òkè lẹ́yìn ìgboro. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Regent yìí, torí pé nígbà tí à ń múra lọ, ńṣe ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwa là ń gbé Jésù lọ fún àwọn tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Regent, Gloucester, Bathurst, Hastings, àwọn abúlé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú sí nìwọ̀nyẹn. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ọmọkùnrin Òṣoogùn kan tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, Freetown ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbé e wá ní 1822. Bathurst ló ti mọ ìwé kà, ó ṣèrìbọmi ní 1825, a sì wá mọ̀ ọ́n sí Samuel Àjàyí Crowther. Ní oṣù kìíní 1844, Freetown níbẹ̀ náà ló ti fi èdè Yorùbá ṣe ìsìn, kó tó padà wálé. Àwọn Sàró tó ń ti ibẹ̀ padà wá sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta láti nǹkan bí 1839 ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Ìhìnrere tí à ń gbé lọ, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá bá wa. Mo sọ èyí fún olórí ẹgbẹ́ wa nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní kí n má fi ìtàn dí Ẹ̀mí lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà wò, lábẹ́ páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọ. Òjò ń ró lórí páànù tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi gbọ́ ohun tí etí mi ń wá nínú ẹ̀rọ, àfi kí n dúró kó dá. Màmá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń to àwọn èèyàn sórí ìlà. Mami ni gbogbo wọn ń pè é. Láàárọ̀ kí a tó dé, á ti gbá iwájú ilé ìjọ, á sì ti nu àwọn bẹ́ǹṣì. Krio, èdè ibẹ̀, ló ń sọ. Bí ó bá rọra sọ ọ́, ẹni tó gbọ́ pijin á gbọ́ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀, nọ́ńbà tòkè lé ní 200. Mo ní, “Mami, ṣé ẹ̀ ń sùn báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní oorun rẹ̀ kò dára láti 2017.

Ẹ ó rántí. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún náà, ní kùtùkùtù, òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ lórí àwọn ilé tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní Regent. Àwọn tó kú àti àwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,000. Ọmọbìnrin Mami wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n sin ọ̀pọ̀ òkú sí Waterloo, ní itẹ́ òkú tí wọ́n ti sin àwọn tí Ẹ̀bólà pa ṣáájú, ṣùgbọ́n Mami ò mọ̀ bóyá àwọn tirẹ̀ wà níbẹ̀, torí wọn ò rí wọn dá mọ̀.

Arákùnrin kan nínú wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ló bá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ń fọ́ ègún ìdílé, ó ń já okùn ikú. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Mami fara balẹ̀, ó ń ṣe àmín bó ṣe yẹ kí èèyàn ṣe é fún àlejò. Nígbà tó parí, Mami ní ṣé òun náà lè gbàdúrà díẹ̀. Ó di àtàǹpàkò mi mú, bí ọmọ kékeré ṣe máa ń di ti ìyá rẹ̀ mú, ó sì dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa! Ó ti ń bèèrè orúkọ wa láti ọjọ́ tí a dé, a rò pé ó kàn ń ṣe ará ni. Ó ní kí Ọlọ́run mú wa kọjá omi, kí àwọn ọmọ wa nílé má ṣàìsàn kí a tó dé. Ó parí. Kò tọrọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ó wá bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ fún wa.

Ọjọ́ kẹrìnlá náà bá wa níbẹ̀. Ìjọ ṣe ìsìn ìrántí. Ààfáà àdúgbò wá, bẹ́ńṣì iwájú ni wọ́n fi í sí, ẹnikẹ́ni ò sì wò ó bí ẹni tó ṣìnà wọlé, torí pé bí Fatmata ṣe wà nínú ilé kan ni Mary wà níbẹ̀, ìyá kan náà ló sì bí wọn. Olórí wa fẹ́ pe ìpè ìrònúpìwàdà. Pásítọ̀ ibẹ̀ rọra fà á jókòó, ó ní tòní kì í ṣe fún ìyẹn. Mo gbádùn pásítọ̀ yẹn.

Nígbà tó kan ọrẹ, Mami gbé ọrẹ ọpẹ́ jáde, ó ń jó bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọdọọdún ló ń gbé e jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kò fo ọdún kan rí. Mo bi í lẹ́yìn ìsìn pé Mami, ọpẹ́ kí lẹ dá? Ó ní, ẹni tó wá bá ọ jókòó ní ọjọ́ ọ̀fọ̀, ṣé o ò ní lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Ó ní Ọlọ́run bá òun jókòó ní gbogbo òru yẹn, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹrẹ̀ kiri. Òun ò mọ ìdí tí òkè fi ya. Ẹni tó jókòó ti òun lòun mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ju gbogbo ìwàásù tí a gbé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti kú nílé ṣáájú ìrìn àjò náà, láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti dárin ọpẹ́ báyìí, ńṣe ni mo máa ń jókòó. Nínú ìjọ wa, a máa ń dúpẹ́ fún mọ́tò, fún físà, fún ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tó kọ́ wa bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wá bá wa dárò. Nígbà tí mo padà dé, mo jáde fún ọpẹ́. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, ibì kan wà níbẹ̀ fún ìdí ọpẹ́, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Ọ̀gbẹ́ni àlábòójútó ìjókòó lé mi dé ìta pé ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ kọ nǹkan kan sí i, wọn ò ní lè kà á.

Ọmọ Ṣakí

Ẹ ṣeun, ma. Tèmi ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Sábẹ la lọ, ní Bẹ̀nẹ̀. Ilẹ̀ òkèèrè ni nítorí ẹnubodè àti owó sẹ́fà nìkan, torí Yorùbá la fi wàásù, wọ́n sì gbọ́ wa yékéyéké, àfi ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ahọ́n wa. A gbé ẹ̀rọ sinimá lọ, a gbé jẹnẹrétọ̀ lọ, gbogbo wa wọ T-shirt tí wọ́n tẹ̀ déètì sí lẹ́yìn. Èèyàn jáde lálẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ló gba Jésù.

Bàbá kan tó máa ń ka Bíbélì Yorùbá fún wọn lọ́jọ́ Ìsinmi (kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n á ka Bíbélì Yorùbá bí omi) pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀yin ń lọ lọ́la. Kẹ̀kẹ́ mi ti bàjẹ́. Abúlé mẹ́ta ni àwọn tó jáde yẹn ti wá. Ta ni yóò máa lọ bá wọn?” Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Ó kàn ń ronú ọ̀nà ni.

Mo ti máa ń gbàdúrà pé kí Olúwa rán àwọn alágbàṣe sínú ìkórè rẹ̀. Olúwa ti rán an tipẹ́, táyà ló ń wá. Owó T-shirt nìkan ì bá ra alùpùpù tí kò tuntun. Láti ìgbà yẹn, bí ìjọ bá ń kó owó míṣọ́n jọ, ẹnu mi kì í dákẹ́: ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló sì nílò? Àwọn kan ti ń pè mí ní Tómásì.

Ìyá Peckham

Ẹ̀yin ará ilé, àwa tí wọ́n ń wá ṣe míṣọ́n sọ́dọ̀ wa náà wà níbí o! Àwọn èèyàn wa láti ilé wá sí London lóṣù kọkànlá, wọ́n dúró sí Rye Lane pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, àwọn èèyàn sì ń kọjá lọ. Àbúrò kan nínú wọn, ọmọ jẹ́jẹ́, ló ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òyìnbó arúgbó kan ní àdúgbò wa ní gbogbo ọ̀sán. Tíì ni wọ́n ń mu. Ìyá náà ń fi fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú hàn án, fọ́tò kan náà lójoojúmọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ó ń fi àkókò Olúwa ṣòfò. Ìyá yẹn ṣì ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi títí di òní, ó sì ti ń wá sí ìjọ nígbà tí ẹsẹ̀ bá gbà fún un.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Ọmọ Ṣakí, ẹ̀yin là bá mú lọ! Ẹni tó bi mí ní kọ̀rọ̀ pé kí ni èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lọ sí Freetown, ìdáhùn rèé, kí gbogbo ayé jọ kà á. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà, àdéhùn ECOWAS gbà á, ṣùgbọ́n ẹ mú yẹ́lò káàdì dání, èyí tí wọ́n fún yín lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gan-an. Bí ẹ bá rí owó leone àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti rìn síbẹ̀ rí, ẹ rántí pé wọ́n ti yọ òdo mẹ́ta kúrò lára rẹ̀ ní 2022, owó tuntun ni wọ́n ń ná níbẹ̀ báyìí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí a ń pín fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a sì máa lọ sílé. Ẹ kọ́kọ́ bá nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò sọ̀rọ̀, kí orúkọ aláìsàn àti ìwọ̀n oògùn rẹ̀ wà nínú ìwé tiwọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ti Mami, ibẹ̀ ló sì ti ń gba tirẹ̀. Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kù díẹ̀ kó pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún ẹrù.