Bàtà wo lẹ̀ ń wọ̀ nínú ilé lórí ilẹ̀ líle?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. A kó kúrò nílé tó ní kápẹ́ẹ̀tì lóṣù tó kọjá. Ilé tuntun yìí, lámínéètì ló wà nílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá, táìlì ló wà ní kíṣìnì. Láti ìgbà náà ni gìgísẹ̀ ọ̀tún ti ń ro mí. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo fẹsẹ̀ kanlẹ̀, àfi bí ẹni tó tẹ èkùrọ́ mọ́lẹ̀. Oyún mi ti wọ oṣù keje, mọ́mì mi sì ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde ní November láti wá bá mi wẹ ọmọ. Mo ra sílípáàsì onírun kan, ó rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń làágùn nínú rẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń rùn, gìgísẹ̀ náà kò sì yéé ro mí. Kí lẹ̀ ń wọ̀ nínú ilé tiyín? Bàtà ìta ò gbọdọ̀ wọ inú ilé wa o, èyí tí mo lè yà sọ́tọ̀ fún inú ilé nìkan ni mò ń wá.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Kú ilé tuntun, àbúrò mi, kú ìpalẹ̀mọ́. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí ohun tó ṣe mọ́mì mi nìyẹn nígbà tí wọ́n wá wẹ àwọn ìbejì fún mi. Wọn kì í wọ nǹkan kan sẹ́sẹ̀ nínú ilé. Òṣogbo ni wọ́n ti wá. Ilẹ̀ síméńtì tó tutù lọ́sàn-án gangan, ìtura ni fún àtẹ́lẹsẹ̀ wọn láti kékeré, èmi náà ò sì rò pé ewu kan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé, orí àpótí ni wọ́n ti ń já ẹ̀fọ́, orí àpótí ni wọ́n ti ń fọṣọ, orí àpótí yẹn kan náà ni wọ́n ń jókòó lé tí wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí i rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Níbí, síǹkì ga, sítóòfù ga, orí tábìlì la gbé báàfù ọmọ lé. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìjókòó ṣe di iṣẹ́ ìdúró, lórí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí kọnkéré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí lóru láti fọ́mọ lọ́mú, mo rí wọn tí wọ́n fọwọ́ tẹ ògiri, tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn lọ sí balùwẹ̀. Wọn ò sọ fún mi. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí n máa ronú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Iṣan kan tó nípọn wà lábẹ́ ẹsẹ̀, ó so gìgísẹ̀ mọ́ ìdí ọmọ ìka, òun ló gbé àárín ẹsẹ̀ ró bí ọsán ṣe ń fa ọrun. Ilẹ̀ líle, ìdúró pípẹ́, àti ara tó ń wúwo sí i, bíi tìẹ báyìí, máa ń dá a lágara. Lóru tí ẹsẹ̀ bá sinmi, á sún kì. Láàárọ̀ tí o bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, á fà tantan. Ìdí nìyẹn tí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ fi ń burú ju ti ọ̀sán lọ. Plantar fasciitis ni àwọn dókítà ń pè é. Ìmọ̀ràn NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, lórí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: má fẹsẹ̀ lásán rìn lórí ilẹ̀ líle, má wọ sílípáàsì tí kò lẹ́yìn, wọ bàtà tó fẹ̀ tí abẹ́ rẹ̀ rọ̀, fi táwẹ́ẹ̀lì wé yìnyín kí o gbé e lé ibẹ̀, kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kí o sì máa na ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dín, pe GP, dókítà àdúgbò rẹ. Ìwọ tó lóyún, má dúró dìgbà yẹn, sọ fún agbẹ̀bí rẹ nígbà tí o bá tún lọ.

Ó wá ku bàtà. Ohun tó rọ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lè má lágbára láti gbé gìgísẹ̀. Ti àtàǹpàkò rẹ bọ inú sílípáàsì onírun yẹn, níbi tí gìgísẹ̀ ń tẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo lè búra pé wàá gbọ́ ilẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ. Fóòmù inú rẹ̀ ti kú. Èyí tó dáa, ìka rẹ á wọlé díẹ̀, ohun kan á sì dá a dúró kó tó kanlẹ̀, bí o bá sì yọwọ́ kúrò, á padà sípò. Lẹ́yìn ìyẹn, di bàtà náà mú níwájú àti lẹ́yìn kí o tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀ ló yẹ kó ti ká. Èyí tó bá ká láàárín méjì bí ewé mọ́ínmọ́ín, dá a padà sórí àtẹ, kò ní gbé àárín ẹsẹ̀ rẹ.

Ẹ̀yìn bàtà tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Sílípáàsì tí kò lẹ́yìn, ọmọ ìka ló ń dì í mú ní gbogbo ìṣísẹ̀ kó má baà bọ́. Iṣẹ́ àfikún nìyẹn fún iṣan tó ti ń dun èèyàn tẹ́lẹ̀. Ti mọ́mì rẹ tún lé kan sí i: àtẹ̀gùn wà nínú ilé yín, wọ́n á sì máa gbọ́mọ sọ̀ kalẹ̀ lórí i rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò nílé ẹni tó bá ṣubú ni bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni mo máa ń rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, abẹ́ rẹ̀ sì ti dán. Ra èyí tó di gìgísẹ̀ mú, kí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó ní ìlà tó jinlẹ̀. Kì í sì í pariwo létí aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀.

Ní ti òógùn àti òórùn, aṣọ òkè bàtà ni kí o wò. Irun sílípáàsì yẹn kì í ṣe irun ẹran kankan, ike ni wọ́n fà bí òwú, kì í fa omi mu, ooru á sì há sínú rẹ̀. Gbé aṣọ bàtà sẹ́nu, kí o fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá. Bó bá kọjá sí ọwọ́ rẹ lódì kejì, ẹsẹ̀ á mí. Òwú dáa, awọ gidi dáa. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni irun àgùntàn tí wọ́n fún pọ̀ títí ó fi nípọn bí ẹní. Ó lè fa omi tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kó má tíì tutù lára, torí náà ó ń móoru nígbà òtútù láì jẹ́ kí ẹsẹ̀ rin. Èyí ni mo rà fún mọ́mì, òun tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ta ló ń wọ bàtà nínú ilé. Mo fi hàn wọ́n pé kò tíì tẹ ilẹ̀ ìta rí, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn máa kọ́kọ́ bọ́ sí láàárọ̀. Ìyẹn ló ṣe é. Ìrora náà ò lọ lọ́jọ́ kan, ó tó oṣù méjì, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ di ògiri mọ́.

Bàbá Káyọ̀, Houston

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ilẹ̀ líle yẹn le ju tiyín lọ. Orí kọnkéré gbalasa ni wọ́n máa ń kọ́lé lé ní Houston, kò sí yàrá abẹ́ ilé, wọ́n á wá tẹ́ táìlì lé e. Irun àgùntàn kò ní bá wa mu nínú ooru oṣù August. Sálúbàtà onípákó kọ̀ọ̀kì ni mò ń wọ̀ nínú ilé, Birkenstock olókùn méjì, ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ẹsẹ̀ ò bò, atẹ́gùn ń lọ ó ń bọ̀, awọ tó wà lókè kọ̀ọ̀kì náà sì ń fa òógùn mu. Àmọ́ kò lẹ́yìn tó di gìgísẹ̀, mi ò ní fún àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn. Ó sì le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wákàtí kan lójúmọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, títí kọ̀ọ̀kì fi mú àpẹẹrẹ ẹsẹ̀ mi. Ẹ má jẹ́ kó rin gbingbin, ẹ má sì sá a síwájú hítà, á sán.

Ìyàwó mi nífẹ̀ẹ́ Crocs, nọ́ọ̀sì ni, wákàtí 12 ló ń lò lórí ìdúró. Ihò ara rẹ̀ ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé lóòótọ́, ó sì rọrùn láti fọ̀ tí epo pupa bá ta sí i. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í fa òógùn, torí náà ìbọ̀sẹ̀ òwú ló ń wọ̀ sí i.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, Peckham

Ẹ kú àlàyé. Dádì mi tó wà lọ́dọ̀ mi ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ti pé ọdún 74. Wọ́n ní àwọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín bàtà tó fún àti èyí tó ṣò. Báwo ni mo ṣe máa yan tiwọn?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àǹtí mi, ọ̀rọ̀ tiwọn gba ìṣọ́ra ju ti gbogbo wa lọ. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n lára mọ́, ó lè jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ti ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Bàtà lè bó wọn lẹ́sẹ̀ títí á fi degbò, wọn ò ní mọ̀. Ẹ pe ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá fi ìwé pè yín. Ẹ̀tọ́ ni ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní sí àyẹ̀wò ẹsẹ̀ lọ́dọọdún lábẹ́ NHS. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ lásán rìn rárá, àní láti orí ibùsùn dé balùwẹ̀.

Bàtà tó ń fi aṣọ lẹ̀ mọ́ra, tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ni kí ẹ rà, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ tàbí dẹ̀ ẹ́ bí ẹsẹ̀ bá wú. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ojú rírán tó bá ta ìka yín, á bó wọn lẹ́sẹ̀. Láràárọ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lálẹ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka wọn lábẹ́ iná. Ibi tó pọ́n, tó bó, tàbí tó gbóná ju ibi tó kù lọ, ẹ pe ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò lọ́jọ́ náà.

Gbogbo wa, ẹ ra méjì bí agbára bá ká a. Èyí tẹ́ ẹ wọ̀ lónìí, ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ dọ̀la. Ibi tó rin tó sì móoru ni èèhọ̀n tó ń jẹ àárín ọmọ ìka ti ń hù, sílípáàsì kan ṣoṣo tí èèyàn ń wọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í gbẹ rí. Ní kíṣìnì, ẹ tẹ́ máàtì tó nípọn síwájú síǹkì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi ọjọ́ Sátidé se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti àtàǹpàkò bọ ọ́ lóòótọ́, ilẹ̀ ni mo gbọ́. Mo fẹ́ ra ti mọ́mì sílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Wọ́n ní 39 làwọn ń wọ̀. Ṣé 6 ti ibí ni?

Ìyá Ìbejì, Leeds

Bẹ́ẹ̀ ni, 39 súnmọ́ 6 ti ibí, ṣùgbọ́n má gba nọ́mbà gbọ́. 39 tí wọ́n ń sọ yẹn lè jẹ́ ti bàtà òde ẹ̀yẹ tí wọ́n ti ń wọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ a máa gbòòrò bí èèyàn ṣe ń dàgbà. Ní kí ẹnì kan nílé tẹ́ páálí sílẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú tó bó ṣe máa wú, kí wọ́n dìde dúró lé e lórí, kí ẹni náà sì fi bírò yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká. Ní kó wọn gígùn àti ibi tó fẹ̀ jù pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà, kó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún tìẹ náà lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ rà, torí ẹsẹ̀ aboyún kì í dúró sójú kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester

Ó ti dé o. Àbúrò mi ló yà á. Ọ̀tún 24.6, òsì 25. Wọ́n fẹ̀ níwájú gan-an.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ti òsì ni kí o fi rà. Mú 40, èyí tí wọ́n kọ fífẹ̀ sí lára, torí November ni wọ́n ń bọ̀, wọ́n á sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i. Tọ́jú rìsíìtì, má sì gé àmì ara rẹ̀ kúrò títí wọ́n á fi wọ̀ ọ́ gun àtẹ̀gùn yín lọ sókè, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀. Bí gìgísẹ̀ bá ń yọ jáde nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, dá a padà.