“Apìyẹ́run” kọ́, “amúyẹ̀ẹ́dà” ni

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ ní kí a máa pe bakitéríà inú ilẹ̀ tó ń jẹ ìyẹ́ adìẹ ní “apìyẹ́run”, kí a sì fi orúkọ kan náà pe ẹ́ńsáìmù rẹ̀, èròjà tó fi ń já ìyẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, ọkàn mi ò gbà á. Ilé làá wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ má bínú, ilé wo lẹ wò?

Ohun tí a bá pa run ti di àwátì nìyẹn. Ìyẹ́ ò di àwátì lọ́wọ́ bakitéríà yìí. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ìyẹ́ ló jẹ́ kẹ́rátíìnì, purotéènì tó wà nínú èékánná àti irun náà. Bí ẹ́ńsáìmù bá já a sí wẹ́wẹ́ tán, ohun tó kù wúlò fún oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àti ajílẹ̀. Èwo ni ìparun níbẹ̀?

Ẹlòmíì ní “ajìyẹ́”, ó fi “jìyà” gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ìpajẹ rẹ̀, ìyẹn fáwẹ̀lì “jẹ” tó pa jẹ, tọ́, “jẹ” ni ò tó. Òwìwí ń gbé ẹyẹ kékeré mì lódindi, ṣùgbọ́n tó bá yá, á bi ìyẹ́ àti egungun rẹ̀ jáde ní ìṣùpọ̀. Ó jẹ ẹ́, kò dà nínú rẹ̀. Imí-ọjọ́ ló so kẹ́rátíìnì mọ́ra tí ẹ́ńsáìmù inú ikùn ò fi rí i ṣe. Òun náà ló ń rùn tí iná bá jó ìyẹ́. Ìdè yẹn ni bakitéríà wa ń já. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀, Bacillus licheniformis tí àwọn onímọ̀ ní North Carolina ní Amẹ́ríkà kọ nípa rẹ̀ ní 1990, inú àgbá tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ìgbẹ́ adìẹ jẹrà ni wọ́n ti rí i. Ẹ ju ìyẹ́ kan sínú omi tó ní in, kí omi náà gbóná díẹ̀. Àwọn fọ́nrán ẹ̀gbẹ́ á kọ́kọ́ re, omi á ṣú, ọ̀pá àárín á ku òun nìkan, títí òun náà á fi yọ́ mọ́ omi. Oúnjẹ tó dà nìyẹn! “Dà” ni ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀.

Nítorí náà, a-mú-ìyẹ́-dà, “amúyẹ̀ẹ́dà”. Ẹ má kọ ọ́ ní “amúyẹ́dà” o. A-mú-ìlú-dùn, ṣé “amúlúdùn” là ń pè é? “Amúlùúdùn” ni. Ohùn ìsàlẹ̀ orí “ì” ò bá fáwẹ̀lì rẹ̀ lọ, ó wá ibòmíì jókòó sí. Bàbá tó kọ́ mi ní àmì ohùn máa ń fi ìka kan tábìlì sórí irú ohùn bẹ́ẹ̀, kò sì gbà kí n fò ó rí. Ẹni tó ní n kò kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá èdè ní yunifásítì, òótọ́ ló sọ. Etí ni mo fi kọ́ ọ, lẹ́sẹ̀ àgbà.

Ti ẹ́ńsáìmù wá ńkọ́? Ẹni tó ń gbálẹ̀ ni agbálẹ̀, ohun tó fi ń gbá a ni ìgbálẹ̀. Bakitéríà ni òṣìṣẹ́, ẹ́ńsáìmù ni irinṣẹ́ tó ń tì jáde. “Amúyẹ̀ẹ́dà” ni ti àkọ́kọ́, “ìmúyẹ̀ẹ́dà” ni ìkejì. Ẹ̀gbọ́n ti ní ìṣe ni “ì-” ń tọ́ka sí, bí “ìmúra”. Ìdérí ńkọ́? Ìbòrí ńkọ́? Ṣé ìṣe nìyẹn?

Ẹnìkan bi mí pé ṣé orúkọ yìí ò há jù, nígbà tí kẹ́rátíìnì wà nínú irun náà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì fi ń pe ìwo ni wọ́n fi sọ kẹ́rátíìnì lórúkọ, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fi pe ti ìyẹ́.